Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Áàpù Tíkẹ́ẹ̀tì Sinimá Tí Gbogbo Èèyàn Lè Dá Lò

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn ni yíya ojú áàpù, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá tí wọ́n sì fi ń pín in fún ara wọn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, àwọn tó ń kọ kóòdù àtàwọn onísinimá fúnra wọn ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn lójúkojú ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Kí lẹ ń pè ní áàpù tí gbogbo èèyàn lè dá lò gan-an?

Ẹ jẹ́ n fi ohun tí ojú mi rí dáhùn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí kò ríran, tó sì fẹ́ràn sinimá jù mí lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù fún un jẹ́jẹ́ létí, tó bá sì di ọjọ́ kejì, òun ló máa ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lórí áàpù kan. Ó tan TalkBack, ìyẹn ohun tó máa ń ka ojú fóònù Android sí èèyàn létí. Ó ń fi ìka ra ojú fóònù lọ sápá ọ̀tún, ohun tó sì ń gbọ́ kò ju "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì" lọ. Kò sí èyí tó lórúkọ nínú wọn. Nígbà tó sú u, ó gbé fóònù fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọmọ náà ṣe é tọkàntọkàn. Ó bá a yan ìjókòó, ó bá a tẹ orúkọ, nígbà tó wá kan owó sísan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì yín. Ẹ pe PIN yín." Ọ̀rẹ́ mi pè é sókè, nínú ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn bíi mẹ́fà ti ń dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n.

Kò sẹ́ni tó mú kọ́bọ̀ rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mò ń wá. Áàpù tí mo ń sọ ni èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ lò, látìgbà tó bá ti ṣí i títí tó fi máa jókòó sínú gbọ̀ngàn, láìgbé fóònù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní láti gbé fóònù fún ẹlòmíì kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rà á fún un ni.

Ṣé torí àwọn afọ́jú nìkan ni?

Rárá. Ẹ ro ti màmá tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, adití, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, ẹni tí kò lè fìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ pupa àti ewé, àti ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì inú áàpù máa ń dojú rú fún. Ẹ tún ro ti ìyá ọlọ́mọ tó gbọ́mọ sápá kan, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ọwọ́ kejì ló kù tó fi ń tẹ fóònù.

Ṣé òfin wà tó sọ pé dandan ni?

Ó wà. Òfin ọdún 2018 tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara ní Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí nínú oṣù kìíní 2019, kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ èyíkéyìí láti ya ẹnì kan sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà ara rẹ̀, lọ́nàkọnà. Iléeṣẹ́ tó bá rú u yóò san ₦1,000,000, ẹnì kan ṣoṣo yóò san ₦100,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tiẹ̀ láti 2011. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù fún àwọn tó ń gbé Yúróòpù, òfin tó kan ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2025.

Ní ti ìlànà iṣẹ́ fúnra rẹ̀, WCAG tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde la fi ń wọn iṣẹ́ wa. Ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá 2023. Ìpele AA, èyí tó wà láàárín nínú ìpele mẹ́ta tó ní, ni kẹ́ ẹ máa lé. Òfin dára, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí onísinimá tí ẹ̀rù òfin mú tún áàpù rẹ̀ ṣe. Ohun tó máa ń yí wọn lọ́kàn padà ni kí wọ́n jókòó ti ẹnì kan tó fẹ́ fún wọn lówó, kí wọ́n sì máa wò ó bí kò ṣe rí ọ̀nà san án.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú fóònù Android tí kò wọ́n. Ẹ tẹ bọ́tìnì ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀ pọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, TalkBack á tàn. Bí kò bá tàn, ẹ wá a nínú Settings, lábẹ́ Accessibility. Lórí iPhone, VoiceOver ni tiwọn, ó sì ti wà níbẹ̀ láti 2009. Ẹ wá fi ìborùn tàbí fìlà bo ojú fóònù náà pátápátá, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lórí áàpù yín. Ẹ fa ìka sápá ọ̀tún kó bọ́ sí ohun tó kàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra kó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣí ìborùn náà.

Ibi tẹ́ ẹ bá ti há ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti dán wò, ojú ìwé àkọ́kọ́ náà lèèyàn ti ń há, nítorí àwòrán pátákó fíìmù kún ibẹ̀, kò sì sí èyí tó ní ọ̀rọ̀ lábẹ́. Pátákó yẹn gbọ́dọ̀ sọ orúkọ fíìmù, aago tí wọ́n máa fi hàn àti iye owó. Àmì ọkàn kékeré tí wọ́n fi ń ṣàmì fíìmù tó wù wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé "Fi fíìmù yìí pa mọ́", kó má sọ pé "ọkàn". Orúkọ ohun tí bọ́tìnì ń ṣe lẹ ó fún un, kì í ṣe orúkọ ohun tó jọ.

Ẹ tún wo bí bọ́tìnì ṣe tóbi tó. Google ní kó má dín ní 48dp, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 9 lójú fóònù. Apple ní 44pt. WCAG 2.2 gbà kó kéré tó píksẹ́lì 24, àmọ́ ẹ má bá a lọ síbẹ̀. Inú ọkọ̀ akérò tó ń fò sókè fò sílẹ̀ lójú ọ̀nà kòtò ni àwọn èèyàn yín ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọ̀ dúdú àti pupa ni onísinimá fẹ́. Ṣé ó burú?

Dúdú àti pupa ò burú, irú pupa tí wọ́n mú ni. Lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n 4.5 sí 1, lẹ́tà ńlá àti etí bọ́tìnì ní 3 sí 1. Pupa tó ṣókùnkùn bíi #8B0000 (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ orúkọ àwọ̀ nìyẹn) lórí dúdú kò ju nǹkan bíi 2.1 lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fóònù mọ́ imú. Pupa tó mọ́lẹ̀ bíi #FF0000 lórí dúdú kan náà ju 5 lọ. Bákan náà ni eérú #999999 lórí funfun, tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn bí ojú: kò tó 3. Ẹ jẹ́ kó dúdú sí i dé #767676, ó ti kọjá 4.5.

Báwo ni afọ́jú ṣe máa yan ìjókòó nínú àwòrán gbọ̀ngàn?

Ìbéèrè tó gba àkókò mi jù nìyí.

Ẹ jẹ́ ká ní gbọ̀ngàn náà ní ìjókòó 120. Ayàwòrán á ya àpótí kéékèèké 120, á kun èyí tó ṣófo ní àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ti rà ní pupa, á sì lọ sùn. Ẹni tí kò lè fìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ méjèèjì rí àpótí 120 tó rí bákan náà. Ẹni tó ń lo TalkBack ní láti fa ìka nígbà 120, ohun tó sì ń gbọ́ ni "D7, D8, D9", láìmọ èyí tó ṣófo.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Kí èyí tí wọ́n ti rà ní àmì X lára, kí èyí tó ṣófo jẹ́ ìlà yíká lásán, kí èyí tí oníbàárà yàn ní àmì pé ó ti yàn án. Ohun kejì: kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ tán. "Ìlà D, ìjókòó 7, ó ṣófo, ẹ̀bá ọ̀nà, ₦5,000." Kí orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àkọlé, kí ẹni tó ń fetí gbọ́ lè fo láti ìlà A sí ìlà B láìgba inú gbogbo ìjókòó kọjá.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí, ẹ ṣì ń ní kí èèyàn fi etí ya àwòrán sọ́kàn. Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi yẹn, ó lò ó débi ìlà C, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí kò kàn bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà láyé àtijọ́ kì í gbé àwòrán lé èèyàn lọ́wọ́. Á bi ẹ́ pé ẹ mélòó ni yín, iwájú àbí ẹ̀yìn.

Bí bọ́tìnì "Bá mi yan" ṣe dé nìyẹn, òkè àwòrán la sì gbé e sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ó ń béèrè nǹkan mẹ́rin: Ẹ mélòó ni yín? Iwájú, àárín àbí ẹ̀yìn? Ṣé ẹ fẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà? Ṣé ibi tí kò ní àtẹ̀gùn lẹ fẹ́? Lẹ́yìn náà, á fèsì ní gbólóhùn kan: "Mo rí ìjókòó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà F, 1 àti 2, ẹ̀bá ọ̀nà, àpapọ̀ ₦10,000." Ẹ gbà á tàbí kẹ́ ẹ ní kó wá òmíràn. Àwòrán ìjókòó ṣì wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá wù.

Àkókò tó ń kà sẹ́yìn kí ìjókòó má bọ́ ńkọ́? A ò lè yọ ọ́.

Ẹ ò ní láti yọ ọ́, ẹlòmíì náà ń dúró de ìjókòó. Ẹ fún wọn láyè tó tó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè fi kún un. Ìlànà WCAG ní kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún èèyàn kí àkókò tó pé, kẹ́ ẹ fún un ní ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 20 láti tẹ ohun kan ṣoṣo tó rọrùn, kó sì lè fi kún un tó ìgbà mẹ́wàá. Àyè ìyọ̀ǹda kan wà nínú ìlànà náà fún ohun tó jẹ mọ́ àkókò gidi, bíi gbàǹjo. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni sá pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì sinimá.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó wọ́pọ̀: aago tó ń kà lójú fóònù, tí TalkBack wá ń ka gbogbo rẹ̀ sókè, "4:59, 4:58, 4:57", lórí nọ́ńbà káàdì tí onítọ̀hún ń gbìyànjú láti tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún àti nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan.

Ibi owó sísan ńkọ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ fi káàdì síbẹ̀, ẹ fi fífi owó ránṣẹ́ láti báńkì síbẹ̀, ẹ fi USSD síbẹ̀. Àwọn afọ́jú kan wà tó jẹ́ pé áàpù báńkì wọn kò ṣe é fi TalkBack lò. USSD tí wọ́n ti mọ̀ sórí nìkan ló ṣe é gbára lé.

Bó bá jẹ́ fífi owó ránṣẹ́ ni, nọ́ńbà àkáǹtì tó ní díjíìtì mẹ́wàá yẹn gbọ́dọ̀ ṣe é dà kọ ní títẹ̀ kan, kí TalkBack sì máa kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kó má kà á bíi bílíọ̀nù kan àti àbọ̀. Oníbàárà á jáde kúrò nínú áàpù yín lọ sí ti báńkì. Bó bá padà dé, kó bá gbogbo nǹkan níbi tó fi wọ́n sí. Bó bá padà wá bá ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ ti pàdánù rẹ̀.

OTP gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀ láìtún un tẹ̀. Ẹ má fi àwòrán oríṣiríṣi dán èèyàn wò pé kó tọ́ka sí èyí tó ní iná ojú pópó. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni fa nǹkan láti òsì sí ọ̀tún kó tó lè sanwó. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè ṣe é. Bọ́tìnì PIN tó ń yí ipò padà nígbà gbogbo sì wà, tí wọ́n ní ààbò ni. Ẹni tí kò ríran, tí ìka rẹ̀ ti mọ ibi tí 5 wà, kì í rí ààbò kankan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ló jẹ́ kí n rí ìṣòro lẹ́tà ńlá. Òṣogbo ni wọ́n wà, wọ́n sì ti mú lẹ́tà fóònù wọn tóbi débi tó lè dé. Mo gbé áàpù tí èmi fúnra mi yà fún wọn. Wọ́n yan fíìmù, wọ́n yan ìjókòó, wọ́n dé ibi owó, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó ní kí n sanwó, kò sọ ibi tí n ó gbé e sí." Lẹ́tà tó tóbi ti ti bọ́tìnì "Sanwó" sílẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ ojú fóònù, ojú ìwé náà kò sì ṣe é fà sókè. Èmi tí mo yà á kò rí i rí, nítorí lẹ́tà fóònù tèmi kéré. Láti ìgbà náà, kò sí ojú ìwé kan tó ń kúrò lọ́wọ́ mi tí mi ò fi lẹ́tà tó tóbi ní ìlọ́po méjì wò.

Èyí tó le jù ni ìgbà tí owó ti kúrò ní báńkì tí tíkẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Gbogbo wa la mọ bí àyà ṣe máa ń já lásìkò yẹn. Áàpù á gbé ọ̀rọ̀ pupa kékeré jáde nísàlẹ̀, á sì pa á rẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Afọ́jú kò gbọ́ nǹkan kan. Á tún bọ́tìnì tẹ̀, owó á tún kúrò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró títí oníbàárà á fi pa á dé, kí TalkBack kà á jáde fúnra rẹ̀, kó sì sọ òótọ́ ní èdè èèyàn: "A ò tíì gbọ́ láti báńkì yín. A ṣì di ìjókòó yín mú. Ẹ má tún san owó." Kí ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ sì má gbà kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì di owó ẹ̀ẹ̀mejì.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tẹnu mọ́ pínpín tíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé àwa kì í sábà dá lọ sí sinimá. Ẹnì kan á rà á fún mẹ́fà: ọjọ́ ìbí, ìpàdé ẹgbẹ́, àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó rà á nìkan ló lè lo áàpù náà, àwọn márùn-ún yòókù ti di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá pẹ́, gbogbo wọn pẹ́.

Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe báyìí ni pé wọ́n á ya fọ́tò ojú fóònù wọn, wọ́n á jù ú sórí WhatsApp. Ẹ wo ohun tó ń ti ibẹ̀ wá. Ẹni tí kò ríran gbọ́ "fọ́tò", ó tán. Fọ́tò náà lè dé ọwọ́ èèyàn méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á wọlé, wọ́n á dá ẹnì kejì padà níwájú èrò.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ń bá a lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, kì í ṣe àwòrán: "Tíkẹ́ẹ̀tì yín rèé. Sátidé, aago 5 ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn 2, ìlà D, ìjókòó 7. Kóòdù yín: K4M 729." Bí onítọ̀hún kò bá tiẹ̀ tẹ nǹkan kan, ohun tó nílò ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, kó ṣí láìní kó gba áàpù kankan wọlé. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ tán kò lè gba áàpù wọlé torí fíìmù wákàtí méjì. Nígbà tó bá gbà á, kóòdù tuntun á jáde lórúkọ rẹ̀, ti àtijọ́ á kú. Ẹni tó fi ránṣẹ́ lè gbà á padà tí ẹnì kejì ò bá tíì gbà á. Ká tó fi èyí sí i, mo ti rí ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Nínú kóòdù yẹn, ẹ yọ O àti 0 kúrò, ẹ yọ I àti 1. Ẹ tún yọ B, D, P àti T, nítorí kóòdù yìí á di ohun tí wọ́n ń fi ẹnu pè fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, nínú ariwo, àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn sì jọ ara wọn létí.

Nǹkan méjì kan wà tí kò sí nínú ìlànà kankan. Ẹ má kọ iye owó sára tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀bùn ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀bùn la máa ń so owó rẹ̀ mọ́. Bí ẹgbẹ́ bá sì ń dá owó jọ, ẹ má gbé orúkọ ẹni tí kò tíì san tiẹ̀ síta fún gbogbo wọn. Ẹ rán an létí ní kọ̀rọ̀. Ojú máa ń ti èèyàn, ẹni tí ojú bá sì tì kò ní wá mọ́.

Ṣé ó pọn dandan kí áàpù gbọ́ Yorùbá?

Bẹ́ ẹ bá ń ta fíìmù Yorùbá, ó pọn dandan. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì òkè kò ní. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra, ti lẹ́tà àti ti àmì, la fi ń kọ ọ́. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n tò á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gbé àpótí òfìfo jáde. Ẹ fi orúkọ fíìmù gidi dán fọ́ǹtì yín wò kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹni tó bá tẹ "ose" gbọ́dọ̀ rí fíìmù tí orúkọ rẹ̀ ní ọ̀ṣẹ́, torí bọ́tìnì fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní àmì. Ẹ bọ́ àmì kúrò lára ohun tí wọ́n tẹ̀ àti orúkọ tó wà nínú àkójọ fíìmù yín kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra.

Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù pé "yo" ni èdè ọ̀rọ̀ náà. Bí ohùn tó wà lórí fóònù ẹnì kan kò bá mọ Yorùbá, á kà á bíi Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kúrú, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó rọrùn láti yí èdè padà láti ojú ìwé èyíkéyìí.

Adití ńkọ́? Ṣé a ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe fún wọn?

Ojú wọn ríran, wọ́n lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọn kì í mọ̀ ni bóyá fíìmù náà ní ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀; fíìmù tí wọ́n sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ní. Ẹ kọ ọ́ sára aago kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa fi hàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí èèyàn lè fi í yan fíìmù. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016 sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn sinimá tó ń lo ẹ̀rọ dígítà pèsè ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ àti ohùn tó ń ṣàlàyé àwòrán fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, bí fíìmù náà bá ti ní wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ìpè nìkan jẹ́ ọ̀nà ìrànwọ́ yín. Adití kò lè pè yín.

Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ ńkọ́?

Ẹ sọ òótọ́ nípa ilé náà fún un kó tó sanwó. Ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè wà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dé ìlà iwájú? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gba kẹ̀kẹ́? Àmì kẹ̀kẹ́ kan lásán lára àwòrán kò tó. Ẹ fi àyè kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó ẹni tó bá a wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tọkọtaya tí wọ́n bá pín níyà nínú òkùnkùn wákàtí méjì kò jọ lọ wo fíìmù. Ní Britain, káàdì CEA wà láti 2004 tó ń jẹ́ kí ẹni tó bá aláìlera wá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí sinimá tẹ́ ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é lò nínú áàpù, kó má jẹ́ pé orí kàǹtà nìkan ló ti ṣe é ṣe.

Ṣé ká máa bi oníbàárà bóyá ó ní ìpèníjà ara?

Ẹ má bi í. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́: ẹ̀bá ọ̀nà, ibi tí kò ní àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra gidigidi. Ohun tẹ́ ẹ ò bá gbà sọ́wọ́ kò lè jò lọ́wọ́ yín.

Ta ló yẹ kó dán áàpù wò?

Ẹni tó kàn ló mọ̀. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú àti ẹgbẹ́ àwọn adití ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ sì san owó fún wọn bẹ́ ẹ ṣe ń san fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Owó ọkọ̀ àti mínírà kì í ṣe owó iṣẹ́. Èèyàn márùn-ún tí ìpèníjà wọn yàtọ̀ síra á fi ohun púpọ̀ hàn yín láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má fọwọ́ kan fóònù wọn, ẹ má sì sọ fún wọn pé "ẹ tẹ òkè yẹn". Ó máa ń ṣòro fún mi títí di òní láti dákẹ́.

Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà sinimá ńkọ́, tí kóòdù ò ṣiṣẹ́ tàbí tí fóònù kú?

Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì pa mọ́ sínú fóònù, kó ṣí láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Kóòdù QR gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú lórí funfun, kódà bí gbogbo áàpù bá wà ní àwọ̀ dúdú, torí àwọn ẹ̀rọ kan kì í ka èyí tí wọ́n yí padà. Kí àyè funfun tó fẹ̀ wà yí i ká, kí iná ojú fóònù sì tàn kedere fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni kóòdù kúkúrú yẹn á wà, ní lẹ́tà ńlá. Ẹni tí kò ríran kò mọ ibi tí QR kọjú sí. Ẹnu ló máa fi pe kóòdù rẹ̀.

Bí fóònù bá kú, kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní àkójọ orúkọ tí wọ́n lè fi orúkọ àti díjíìtì mẹ́rin tó kẹ́yìn nọ́ńbà fóònù wá èèyàn. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó ṣáájú ọjọ́ tí èrò máa pọ̀. Fóònù ọ̀rẹ́ mi yẹn kú lọ́jọ́ Àjíǹde kan, níwájú ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ó pe orúkọ rẹ̀ àti 4, 0, 9, 2. Ọmọbìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ìlà F, 1 àti 2, ẹ̀bá ọ̀nà ni." Òun àtìyàwó rẹ̀ wọlé.